Lórí Bí A Ṣe Ń To Igun Ayùn Kí Etí Igi Méjì Lè Pàdé

Ohun tí àwa fẹ́ bá ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa àti ẹ̀yin olùkọ́ wa sọ ní ojú ewé yìí kì í ṣe ohun ńlá lójú ẹni tí kò tí ì fi ọwọ́ kan igi rí. Igun ni, igun tí a fi ayùn gé sí orí pákó, kí pákó kan lè fi orí kan èkejì láìsí àlàfo láàrin wọn. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gbìyànjú láti kan férémù àwòrán, tàbí férémù ilẹ̀kùn, tàbí tábìlì onígun mẹ́fà fún kíláàsì àwọn ọmọ kékeré, yóò jẹ́rìí pé níbi orí tí ó gbẹ̀yìn gan-an ni ìtìjú ti ń bá òṣìṣẹ́. Orí mẹ́ta yóò pàdé dáadáa. Ẹ̀kẹrin yóò la ẹnu sílẹ̀. Nígbà náà ni a óò wá fi èérún igi àti àtè dí i, a óò sì fi ọ̀dà bò ó, bí ẹni pé àlàfo náà kò ní í tún yọjú kí ọdún tó yí po.

A yan ọ̀rọ̀ yìí nítorí agbègbè tí a ń kọ ọ́ fún. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ Òrè nítorí ogun abẹ́lé, nígbà tí a dá àwọn ọmọ ogun Biafra dúró níbẹ̀ ní 1967. Àwọn ẹlòmíràn mọ̀ ọ́n nítorí oríta rẹ̀, níbi tí ọ̀nà Èkó sí Bìní ti pàdé ọ̀nà tí ó gòkè lọ sí Oǹdó, tí àwọn èrò ọkọ̀ ti ń sọ̀kalẹ̀ jẹun. Odígbó, tí ó wà lójú ọ̀nà Oǹdó yẹn, ni a fi orúkọ rẹ̀ pe ìjọba ìbílẹ̀ náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Òrè ni olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ní ti àwa, igi ni a fi mọ ìlú méjèèjì. Igbó ọba tí a ń pè ní Olúwa wà ní àdúgbò wọn. Àwọn igi bí ìrókò, ọ̀gànwó, àfàrà, ìdígbò, arère àti ọmọ ni igbó ilẹ̀ yìí fi ń ṣe ọrọ̀. Lẹ́yìn náà ni a sì gbin mẹ̀línà lọ súà, igi tí ó ti ìhà Íńdíà àti Bọ́mà wá. Ilé ìlagi pọ̀ níbẹ̀. Nítorí náà pákó kì í wọ́n olùkọ́ tí a bá rán lọ sí irú agbègbè bẹ́ẹ̀ bí ó ti ń wọ́n àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó wà ní pápá òkè, àwọn òbí ọmọ yóò sì máa retí pé kí ó lè fi igi ṣe nǹkan.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe tàn ara wa jẹ nítorí pé igi pọ̀. Ìrókò tí a gé lónìí, kì í ṣe àwa ni yóò jókòó sí abẹ́ èyí tí yóò rọ́pò rẹ̀. Bí a bá ba pákó mẹ́ta jẹ́ kí a tó rí férémù kan kàn, ohun tí igbó fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ṣe ni a ti sọ di igi ìdáná. Èyí ni ó mú kí ọ̀rọ̀ igun yìí ju ọ̀rọ̀ ẹwà lásán lọ.

Ní ilé ìlagi, ayùn ńlá ni a fi ń la ìtì igi sí pákó. Ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà ẹ̀wẹ̀, bí iná mànàmáná bá wà, ayùn orí tábìlì ni a óò bá: tábìlì irin tàbí ti igi, tí ayùn roboto kan yọ orí láàrin rẹ̀, tí ẹ̀rọ ń yí i. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ayùn náà a gbẹ́ ipa gbọọrọ kan láti iwájú tábìlì dé ẹ̀yìn. Nínú ipa yìí ni irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti ń lọ tí ó sì ń bọ̀. A de orí kan mọ́ irin náà, tí ó dà bí ìdajì òṣùpá, a sì fín iye dìgírì sí etí rẹ̀. Bí a bá tú ìdè rẹ̀, orí náà yóò yí sí ọ̀tún tàbí sí òsì. Bí a bá dè é padà, yóò dúró níbi tí a fi í sí. Pákó ni a ó fi ti iwájú orí yìí, a ó sì ti méjèèjì lọ sínú ayùn. Òdiwọ̀n igun ni àwa yóò máa pe irin yìí nínú ẹ̀kọ́ wa. Máítà ni àwọn káfíńtà ń pe irú orí igi tí a ń fi í gé.

Ohun kan ṣoṣo tí a fẹ́ fi yé yín ni èyí: iye tí a fín sí ara òdiwọ̀n kì í ṣe ẹ̀rí. Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ṣe irin náà ni. Igi tí a gé ni ẹlẹ́rìí.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ìlà tí a fín sí etí irin náà nípọn; bí a bá dúró sí ọwọ́ ọ̀tún wò ó, yóò wí ohun kan, bí a bá dúró sí ọwọ́ òsì, yóò wí òmíràn. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ náà kì í há nínú ipa rẹ̀ dáadáa, ó sì lè mì sí ìhín sí ọ̀hún. Bí òdiwọ̀n bá ti ṣubú lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan rí, abẹ́rẹ́ tí ń tọ́ka sí iye dìgírì lè ti tẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, kì í ṣe gbogbo òdiwọ̀n ni ó bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ibì kan náà. Òmíràn yóò kọ 0 sí ibi tí ayùn ti ń gé pákó ní ìdábùú gbọnrangandan. Òmíràn yóò kọ 90 sí ibẹ̀. Ní ti 45 kò sí ewu, nítorí pé 45 ni ìdajì 90, ibi kan náà ni yóò bọ́ sí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń wá 30 lè rí i pé 60 ni òun ti gé, yóò sì máa bá ayùn wí.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò, kí a lè rí bí àṣìṣe kékeré ti ń bí ọmọ. Férémù onígun mẹ́rin ní igi mẹ́rin. Igi kọ̀ọ̀kan ní orí méjì. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni a ó fi ayùn gé igun. Ẹ jẹ́ kí a wí pé òdiwọ̀n wa fi ìdajì dìgírì péré ṣìnà, ohun tí ojú lásán kò lè rí. Bí a bá fi agbára kan orí mẹ́ta pọ̀ kí wọ́n lè dì, gbogbo àṣìṣe mẹ́jọ náà yóò kó ara wọn jọ sí orí kẹrin: ìdajì lọ́nà mẹ́jọ, tí í ṣe dìgírì 4. Bí igi náà bá fẹ̀ tó íǹṣì 3, ojú ibi tí a gé yóò gùn ju íǹṣì 4 lọ, àlàfo tí dìgírì 4 yóò sì ṣí sílẹ̀ ní etí rẹ̀ yóò ju ìdá mẹ́rin íǹṣì kan lọ. Ìka ọmọdé fẹ́rẹ̀ lè wọ ibẹ̀. Tábìlì onígun mẹ́fà tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé orí méjìlá ni a ó gé, ìdajì dìgírì yóò sì di 6.

Ìṣirò yìí ni ó yẹ kí olùkọ́ kọ́kọ́ fi han àwọn ọmọ, kí ó tó jẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ kan ayùn rárá. Bí wọ́n bá ti rí i pé ìdajì lọ́nà mẹ́jọ ni mẹ́rin, wọn kò ní í tún bèèrè ìdí tí a fi ń fi wákàtí kan tún òdiwọ̀n ṣe kí a tó fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá gé igi. Igi gan-an-ran, má gún mi lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

A kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 45. Láti ìdábùú gbọnrangandan, tí í ṣe dìgírì 90 sí etí pákó, ni a ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí èyí kò bá dúró fún, kò sí igun mìíràn tí yóò dúró fún un. Ọ̀nà tí a fi ń dán an wò nìyí. Mú pákó kan tí ó fẹ̀ tó íǹṣì 8, tí a ti fá etí rẹ̀ méjèèjì kí wọ́n lè bá ara wọn dọ́gba láti òkè dé ilẹ̀. Fi òdiwọ̀n sí ibi tí o rò pé ó tọ́, kí o sì gé pákó náà sí méjì. Fi àmì sí ojú òkè àwọn méjèèjì. Wàyí o, yí ọ̀kan dojú dé, kí o jẹ́ kí èkejì wà bí ó ti wà, kí o sì fi etí àwọn méjèèjì ti igi gígún kan, kí orí tí a gé lè kojú orí tí a gé. Bí igun náà bá tọ́, orí méjèèjì yóò pàdé bí ẹni pé a kò gé wọn rí. Bí kò bá tọ́, àlàfo yóò ṣí sílẹ̀ ní apá kan, àlàfo náà yóò sì fi àṣìṣe hàn ní ìlọ́po méjì. Bí àlàfo bá tó 1/16 íǹṣì ní etí pákó oníǹṣì 8, ó fẹ́rẹ̀ tó ìdajì dìgírì. Àṣìṣe òdiwọ̀n gan-an sì fẹ́rẹ̀ tó ìdá mẹ́rin dìgírì kan. A ó tún òdiwọ̀n yí díẹ̀, a ó tún gé, a ó tún yí pákó dojú dé, títí a kò ní í rí ìmọ́lẹ̀ láàrin wọn mọ́.

Ohun tí ó dára jù lọ nínú ìdánwò yìí ni pé kò bèèrè irin-iṣẹ́ kankan tí a rà. Bí igun irin tí àwọn káfíńtà fi ń wọn igi bá tilẹ̀ ti wọ́, pákó tí a yí dojú dé kò ní í purọ́.

Lẹ́yìn èyí ni 45 wá kàn. Gba pákó pẹlẹbẹ kan tàbí bébà líle, kí o sì fa igun dìgírì 90 sí i. Bí ojú rẹ kò bá dá ọ lójú, lo ọ̀nà tí àwọn bíríkìlà ń lò bí wọ́n bá ń ta okùn ìpìlẹ̀ ilé: wọn 3 sí apá kan, wọn 4 sí apá kejì, bí ìlà tí ó so orí àwọn méjèèjì pọ̀ bá jẹ́ 5, igun náà tọ́. Fún iṣẹ́ kékeré, 6 àti 8 àti 10 íǹṣì dára. Láti igun yìí, wọn íǹṣì 12 sí apá kìn-ín-ní, kí o wọn íǹṣì 12 sí apá kejì, kí o sì fa ìlà so wọ́n pọ̀. Ìlà náà gbọ́dọ̀ jẹ́ íǹṣì 17 dín 1/32. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, igun 45 tí ó tọ́ ni o ní ní ọwọ́, èyí tí o lè gé jáde, kí o fi ti ojú òdiwọ̀n àti ojú ayùn, nígbà tí ẹ̀rọ bá ti dúró tí a sì ti yọ okùn iná rẹ̀. Kí o ṣọ́ra kí igi náà má ṣe kan eyín ayùn, nítorí pé eyín yẹ̀ sí ọ̀tún àti sí òsì. Ara irin pẹlẹbẹ ni kí ó kàn.

Síbẹ̀ náà, kí a má ṣe gbà á gbọ́ títí a ó fi rí ẹ̀rí. Gé igi kúkurú mẹ́rin, kí méjì tí yóò kojú ara wọn gùn dọ́gba láìsí ìyàtọ̀ rárá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń di ẹ̀bi ru igun nígbà tí ó jẹ́ pé gígùn igi ni kò bára mu. Nítorí náà, kan igi kékeré kan mọ́ iwájú òdiwọ̀n, kí igi kọ̀ọ̀kan lè fi orí ti í kí a tó gé e. Èyí yóò mú kí gígùn wọn dọ́gba láìtún wọn wọ́n. Kó àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ láìfi ìṣó kàn wọ́n, kí o sì fi okùn dì wọ́n yí ká. Wo orí tí ó gbẹ̀yìn. Bí igi rẹ bá fẹ̀ tó íǹṣì 2, tí àlàfo sì tó 1/16 íǹṣì, àṣìṣe tí ó wà ní gígé kọ̀ọ̀kan kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́fà dìgírì kan lọ. Bí àlàfo bá ṣí sí ìta férémù, a kò yí òdiwọ̀n tó 45. Bí ó bá ṣí sí inú, a yí i kọjá. Ẹ kọ gbólóhùn yìí sí ara ògiri ṣọ́ọ̀bù, nítorí pé gbogbo ènìyàn ni ń gbàgbé rẹ̀.

Ọgbọ́n kan tún wà tí a fẹ́ràn ju gbogbo ìyókù lọ. Rírí 45 tí ó pé ṣòro. Rírí 90 tí ó pé kò ṣòro tó bẹ́ẹ̀, bí a ti rí i lókè. Nítorí náà, dípò kí a máa yí òdiwọ̀n sí ọ̀tún fún orí kan àti sí òsì fún èkejì, a lè mú pákó pẹlẹbẹ kan tí yóò máa rìn nínú ipa tábìlì, kí a sì kan igi ìdarí méjì mọ́ orí rẹ̀, ọ̀kan ní apá ọ̀tún ayùn, èkejì ní apá òsì, kí àwọn méjèèjì pàdé ní igun 90 gan-an. Igi tí yóò wà ní ọwọ́ ọ̀tún igun férémù ni a ó gé ní ara ìdarí kan, ti ọwọ́ òsì ní ara èkejì. Bí ayùn kò bá tilẹ̀ gba àárín wọn kọjá dáadáa, tí ọ̀kan jẹ́ 44 àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, èkejì yóò jẹ́ 45 àti ìdá mẹ́rin, wọn yóò sì parapọ̀ di 90. Àṣìṣe ọ̀kan ti san gbèsè èkejì. Etí inú wọn lè yẹ̀ díẹ̀ tí a ó fi ìfági fá kúrò, ṣùgbọ́n àlàfo kò ní í sí.

Kí á tó kúrò lórí ayùn ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ kan lórí ewu rẹ̀. A kì í lo òdiwọ̀n igun pẹ̀lú irin ìdarí gígùn tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ayùn, kí orí pákó má baà há sí àárín irin náà àti ayùn. Bí ó bá há, ayùn yóò jù ú padà sí ẹni tí ó dúró níwájú rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ojú rẹ̀ yá tó láti yẹ̀ ẹ́. Gígé igun ń fa igi sí ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú. Kí a lẹ bébà tí ń họ igi mọ́ ojú òdiwọ̀n kí pákó má baà yọ̀. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ kan irú ayùn bẹ́ẹ̀ láé. Àpótí tí a óò sọ̀rọ̀ rẹ̀ níwájú ni tiwọn.

Ní ti àwọn igun mìíràn, òfin kan ni ó kó gbogbo wọn: pín 180 sí iye igun tí ohun tí o fẹ́ ṣe ní. Onígun mẹ́rin yóò fún ọ ní 45, onígun márùn-ún 36, onígun mẹ́fà 30, onígun mẹ́jọ 22 àti ààbọ̀. Láti fa igun wọ̀nyí sí orí pákó, wọn íǹṣì 12 sí ìsàlẹ̀, kí o sì gòkè ní gbọnrangandan láti òpin rẹ̀: íǹṣì 6 àti 15/16 fún 30, íǹṣì 8 àti 23/32 fún 36, íǹṣì 4 àti 31/32 fún 22 àti ààbọ̀. Ẹni tí ó bá ní kọ́ńpáàsì kò nílò rúlà fún onígun mẹ́fà rárá. Kí ó fa òbírí kan, kí ó má ṣe yí ẹsẹ̀ kọ́ńpáàsì padà, kí ó sì fi í tẹ etí òbírí náà yí ká. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà gan-an ni yóò tẹ̀ ẹ́ tí yóò fi padà sí ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Láti Bábílónì àtijọ́ ni a ti jogún pípín òbírí sí 360. Bí a sì ti ń fi kọ́ńpáàsì pín igun sí méjì dọ́gba wà nínú ìwé tí Euclid kọ ní èdè Gíríìkì ní nǹkan bí 300 ọdún ṣáájú ìbí Olúwa wa, ẹni tí ó kọ́ni ní ìlú Alẹkisáńdíríà ní ilẹ̀ Íjíbítì. Ilẹ̀ Áfíríkà níhìn-ín ni.

Wàyí o, a dé ibi tí a rò pé ó ṣe pàtàkì jù lọ fún ẹni tí yóò ra pákó ní Òrè tàbí ní Odígbó. A lè to òdiwọ̀n títí kò fi ní í ní àbàwọ́n kankan, kí férémù dì lọ́jọ́ tí a kàn án bí ẹni pé a gbẹ́ ẹ jáde láti inú igi kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n kí ó tó di ọyẹ́, gbogbo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin a ti la ẹnu sí inú. Òdiwọ̀n kọ́ ni ó ṣẹ̀. Pákó náà tutù nígbà tí a gé e.

Igi tí ó ń gbẹ kì í sún kì bákan náà ní gbogbo ọ̀nà. Ní gígùn rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ yí padà rárá. Ní ìbú rẹ̀ ni ó ń sún kì. Ẹ jẹ́ kí a mú pákó tí ó fẹ̀ tó íǹṣì 4, tí a gé ní 45 nígbà òjò, tí ó wá pàdánù 1/8 íǹṣì nínú ìbú rẹ̀ bí ó ti ń gbẹ. Ojú ibi tí a gé ṣì gba íǹṣì 4 ní gígùn, ṣùgbọ́n íǹṣì 3 àti 7/8 ni ó gbà ní ìbú nísinsìnyí. Igun tí ó bá etí pákó ṣe kì í ṣe 45 mọ́. Ó ti di 44 àti díẹ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ pàdánù odidi dìgírì 1. Igi kejì tí ó kojú rẹ̀ ti pàdánù iye kan náà. Orí ìta yóò ṣì kan ara wọn, ṣùgbọ́n ní etí inú, àlàfo tí ó sún mọ́ 3/16 íǹṣì yóò ti ṣí. Ẹ wò ó bí ó ti rí: a fi gbogbo òwúrọ̀ lé ìdá mẹ́rin dìgírì kan jáde nínú irin, a sì jẹ́ kí omi tí ó wà nínú igi mú odidi kan lọ.

Pákó tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìlagi jáde kún fún omi, pàápàá láti oṣù kẹrin dé oṣù kẹwàá tí òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ dá ní ìhà igbó yẹn. Kí a má ṣe bá ẹni tí ń tà á jà. Igi tútù ni òun rà, igi tútù ni òun là. Iṣẹ́ ẹni tí ó rà á ni láti gbẹ ẹ́. Kí a tò ó sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, lábẹ́ òrùlé, kí ó má ṣe kan ilẹ̀, kí a sì fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sí àárín pákó kan àti èkejì. Kí a má ṣe tò ó sínú oòrùn gbígbóná, nítorí pé orí rẹ̀ yóò là. Láti mọ ìgbà tí ó tó, yan odidi pákó kan nínú wọn, kí o máa fi ìwọ̀n wọ̀n ọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí o sì máa kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ó bá ṣì ń fúyẹ́ sí i, omi ṣì ń jáde. Bí ó bá ti dúró lójú kan ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan, pákó náà ti bá afẹ́fẹ́ agbègbè náà dọ́gba, o sì lè gé e. Èyí pẹ̀lú jẹ́ ẹ̀kọ́ ìṣirò tí ó dára fún ọmọ kíláàsì kẹfà, nítorí pé ohun tí wọn yóò kọ sí ìwé jẹ́ òtítọ́ tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn wọ̀n, kì í ṣe èyí tí olùkọ́ hùmọ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni a ó rán lọ sí abúlé tí kò ní iná mànàmáná, tàbí tí iná náà ń wá ní ọjọ́ tí ó bá wù ú. Níbẹ̀ ayùn ọwọ́ àti àpótí máítà ni a ó lò. Kan pákó mẹ́ta pọ̀ bí ọpọ́n tí kò ní orí àti ìdí: ọ̀kan ní ìsàlẹ̀, méjì ní ẹ̀gbẹ́, kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dúró gbọnrangandan kí wọ́n sì jìnnà sí ara wọn bákan náà láti òpin dé òpin. Wọn ìbú àpótí náà láti ìta ẹ̀gbẹ́ kan dé ìta èkejì. Bí ó bá jẹ́ íǹṣì 5, fa ìlà ìdábùú méjì sí orí rẹ̀ tí ó fi íǹṣì 5 gan-an jìnnà sí ara wọn. O ti ní onígun mẹ́rin tí gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dọ́gba. Fa ìlà láti igun kan lọ sí igun tí ó kọjú sí i, 45 ni. Fa èkejì ní ọ̀nà kejì. Fi ayùn rẹ́ ẹ̀gbẹ́ àpótí ní ojú ìlà méjèèjì títí yóò fi kan ìsàlẹ̀. Ojú ibi tí a rẹ́ yìí ni yóò máa darí ayùn àwọn ọmọ. Ayùn tí a fi rẹ́ ẹ ni kí wọ́n máa lò nínú rẹ̀, kí ojú náà má baà fẹ̀ jù. Bí ó bá fẹ̀ lẹ́yìn oṣù mélòó kan, kí a kan òmíràn. Arère tàbí mẹ̀línà tó fún un, kò yẹ kí a fi ìrókò ṣòfò sí i.

Ní ti àwọn ọmọ tí wọ́n kéré ju ayùn ọwọ́ pàápàá lọ, bébà lásán tó. Mú bébà tí igun rẹ̀ tọ́, kí o ṣẹ́ ẹ kí etí kan lè dùbúlẹ̀ lórí etí kejì: 45. Tún un ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i: 22 àti ààbọ̀. Fún 30, mú bébà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba, ṣẹ́ ẹ sí méjì ní ìdúró, kí o sì ṣí i padà kí ojú ìṣẹ́ lè wà láàrin. Wàyí o, di igun ìsàlẹ̀ apá òsì mú, kí o gbé igun ìsàlẹ̀ apá ọ̀tún gòkè títí yóò fi kan ojú ìṣẹ́ àárín, kí o sì tẹ bébà náà mọ́lẹ̀ kí ìṣẹ́ tuntun lè ti inú igun tí o di mú jáde. Ìṣẹ́ náà bá etí ìsàlẹ̀ ṣe 30; ìyókù láti ibẹ̀ dé etí òsì jẹ́ 60. Kí àwọn ọmọ gbé bébà wọn lé ti ara wọn lórí, kí wọ́n wò ó bóyá gbogbo rẹ̀ dọ́gba. Lẹ́yìn náà kí a gbé e lọ fi ti ojú òdiwọ̀n irin tí ó wà ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà tí ó súnmọ́ ilé-ẹ̀kọ́, bí ó bá gbà fún wa.